Ẹ̀kọ́ Kẹrìndínlógún: Owó Wúrà Tí A Kì Í Ná Lọ́jà

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú owó irin 100 fráǹkì kan jáde. Ẹni tí kò bá ní, kí ó yá ti ẹnì kejì rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kí ó rántí dá a padà.

Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ fi ìka pa á lára. Ẹ ó rí i pé àwòrán tó wà lára rẹ̀ wú díẹ̀, kò wú púpọ̀. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí imú rẹ̀ rí bí ayùn. Láti kékeré ni ẹ ti ń ná ẹja yìí, bóyá ẹ kò sì béèrè rí pé kí ló ń wá lára owó. Ẹ gbọ́: irú ìwọ̀n tí àwọn ará Aṣánti, ní ilẹ̀ Gánà, fi ń wọn wúrà láyé àtijọ́ ni. Idẹ ni wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀n náà. Òmíràn rí bí ẹja, òmíràn rí bí ẹyẹ. Wọn á da ìyẹ̀fun wúrà sí apá kan òṣùwọ̀n, wọn á fi ìwọ̀n idẹ sí apá kejì, títí apá méjèèjì á fi dọ́gba. Ẹ ò rí i pé wúrà kò jìnnà sí owó ọwọ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí wúrà kankan nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ohun tó mú mi kọ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún kan, lẹ́yìn tí a ta kajú tán, ọkùnrin kan wá sí abúlé wa lẹ́bàá Tchetti níhìn-ín. Ó wọ kóòtù nínú oòrùn. Ó gbé àpótí kékeré kan dání tí wọ́n tẹ́ aṣọ pupa sínú rẹ̀. Ẹyọ owó kan wà nínú aṣọ náà, nínú ike tó mọ́ gaara bí omi orísun. Owó náà ń dán yanranyanran. Orí ẹyẹ kan yọ síta lára rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ fò. Ọkùnrin náà ní wúrà ni. Ó ní ẹyọ 500 péré ni wọ́n ṣe ní gbogbo ayé. Ó ní ẹni tó bá rà á lónìí yóò tà á ní ìlọ́po mẹ́wàá ní Kùtọnu. Àbúrò bàbá mi san 120 000 fráǹkì. Owó kajú ọdún náà ni, owó tí wọ́n fẹ́ fi ra páànù tí wọn yóò kàn sórí ilé.

Ìwé pélébé kan wà nínú àpótí náà. Bàbá kò mọ̀ ọ́n kà. Savalou ni mo wà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé, wọ́n pè mí wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n gbé àpótí náà lé mi lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. Mo ka ìwé náà. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀: «doré». Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. N kò mọ bí mo ṣe máa là á yé wọn.

A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú owó tí ọkùnrin náà ń fi orúkọ rẹ̀ jẹun, nítorí owó bẹ́ẹ̀ wà ní tòótọ́. Kì í ṣe irọ́ pátápátá ló pa. Irọ́ tó bá ní òótọ́ díẹ̀ nínú ló ń mú ènìyàn.

Owó tí a ń ná, ilé ìfowópamọ́ àgbà tí wọ́n ń pè ní BCEAO ló ń ṣe é fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ: Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Nìjẹ̀ẹ̀, Burkina Faso, Mali, Sẹ̀nẹ̀gà, Côte d'Ivoire àti Guinea-Bissau. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè kọjá ààlà lọ sí Atakpamé, kí ẹ ra aṣọ, kí ẹ sì san owó kan náà tí ẹ gbà ní Tchetti. Ilẹ̀ Faransé, ní ìlú Pessac, ni wọ́n ti ń lu owó irin náà. Ẹ̀rọ ń tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Wọ́n á dà á sínú àpò, ọ̀kan á ha èkejì lára, kò sí ẹni tó bìkítà. Owó iṣẹ́ ni.

Owó kejì yàtọ̀. Àwọn ènìyàn wà káàkiri ayé tí wọ́n ń kó owó jọ, tí wọn kì í ná an. Wọ́n ń tò ó sínú àpótí, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń fi han àlejò. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwa náà ńkọ́? Ta ló ń fi owó ẹyọ ra iṣu lónìí? Síbẹ̀ ó wà lọ́wọ́ babaláwo, ó wà lára ère ìbejì, ó wà nínú igbá àwọn ìyá àgbà wa, kò sì sí ẹni tó máa dà á nù. Nítorí àwọn akówójọ wọ̀nyí ni àwọn ìjọba àti ilé iṣẹ́ ṣe ń lu owó fàdákà àti owó wúrà, díẹ̀díẹ̀, kí ó má pọ̀.

Èyí tó dára jù nínú rẹ̀ ni àwọn Faransé ń pè ní «belle épreuve». Ẹ ó máa rí lẹ́tà méjì, BE, lórí ìwé rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọwọ́ dán òǹtẹ̀ títí yóò fi rí bí dígí. Wọ́n á dán wúrà tí wọn kò tíì tẹ̀ náà bákan náà. Ibi tí àwòrán wà lára òǹtẹ̀ nìkan ni wọ́n á jẹ́ kó ṣú díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí ojú ara yín nínú ilẹ̀ owó náà, àwòrán á sì fúnfun bí ìrì òwúrọ̀ láàárín rẹ̀. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọn kì í fi ìka lásán mú un, nítorí òógùn ọwọ́ ń ba ara rẹ̀ jẹ́. Inú ike ni wọ́n ń fi í sí lójú ẹsẹ̀.

Òmíràn wà tí àwòrán rẹ̀ wú gan-an bí ère tí a gbẹ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní «haut relief». Iṣẹ́ rẹ̀ le ju ti gbogbo yòókù lọ. Bí ẹ bá ti dúró rí lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, yóò yé yín kíá. Alágbẹ̀dẹ kì í fi lílù kan ṣoṣo sọ irin di ọkọ́. Yóò fi í sínú iná, yóò lù ú, yóò tún dá a padà sínú iná. Bí a bá ń lu wúrà náà, ara rẹ̀ ń le. Òǹtẹ̀ owó tó wú yìí jìn bí kòtò. Bí ẹ̀rọ bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, wúrà kò tíì kún kòtò náà dé ìsàlẹ̀. Imú ère á pẹlẹbẹ, ìka ọwọ́ á parẹ́. Ni wọ́n á bá yọ ọ́, wọ́n á fi í sínú iná kí ara rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n á tún dá a padà sábẹ́ òǹtẹ̀.

Ìtàn kan wà lórí èyí tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ní ọdún 1905, ààrẹ Amẹ́ríkà, Theodore Roosevelt, sọ pé owó ilẹ̀ òun kò lẹ́wà. Ó ti rí owó àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́, bí àwòrán ṣe yọ lára wọn, ó sì fẹ́ irú rẹ̀. Ó bẹ agbẹ́re kan, Augustus Saint-Gaudens, pé kí ó ya owó wúrà 20 dọ́là tuntun. Ọkùnrin náà yà á: obìnrin kan ń rìn bọ̀, iná wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀ka igi ólífì wà lọ́wọ́ òsì, oòrùn ń là lẹ́yìn rẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ ti mú agbẹ́re náà. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1907, kí ará ìlú tó fi ojú kan owó náà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, tó wú jù lọ, kò ju bíi 20 lọ. Òmíràn gbà kí ẹ̀rọ lù ú tó ìgbà mẹ́sàn-án kó tó pé. Wọ́n dín wíwú rẹ̀ kù, ó ṣì gba lílù mẹ́ta, wọ́n sì ṣe bíi 12 000. Àwọn onílé ìfowópamọ́ kígbe. Wọ́n ní owó náà kò ṣe é tò lé ara wọn, ó ń mì. Ọ̀gá àwọn tó ń gbẹ́ òǹtẹ̀, Charles Barber, bá tẹ́ àwòrán náà pẹlẹbẹ kí lílù kan lè tó o, òun ni wọ́n sì ná. Ní ọdún 2009 ni àwọn ará Amẹ́ríkà tó tún ti àkọ́kọ́ ṣe bí agbẹ́re náà ṣe fẹ́ ẹ, fún àwọn akówójọ: 27 mílímítà ni fífẹ̀ rẹ̀, 4 mílímítà ni nínípọn rẹ̀. Ó kéré ní fífẹ̀, ó nípọn bí àkàrà. Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé méjì kọjá kí wọ́n tó lè ṣe ohun tí òkú náà ní lọ́kàn.

Ẹ̀yin náà á ní, kí ló kan Tchetti nínú èyí? Ó kàn wá. Ilẹ̀ tiwa náà ti ní owó wúrà ti akówójọ. Àwọn àgbà tó wà nínú kíláàsì rántí ìgbà tí a ń jẹ́ Dahomey. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1960 ni a gba òmìnira. Láti ṣe ìrántí ọdún kẹwàá rẹ̀, wọ́n lu owó fàdákà àti owó wúrà tí wọ́n kọ 1971 sí lára. Ìgbà yẹn ni àwọn mẹ́ta, Maga, Ahomadégbé àti Apithy, jọ wà lórí oyè, tí wọ́n ń jẹ ipò ààrẹ ní àyípo. Owó wúrà náà jẹ́ oríṣi mẹ́rin: 2 500 fráǹkì, 5 000, 10 000 àti 25 000. Owó «belle épreuve» ni wọ́n, kì í ṣe èyí tó wú bí ère. Wọn kò dé ọjà wa. Bàbá àgbà mi tó ta òwú ní ọdún 1971 kò fi ojú rí ọ̀kan. Àwọn akówójọ òkè òkun ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tó di ọdún 1975, orúkọ Dahomey fúnra rẹ̀ yí padà sí Bẹ̀nẹ̀, owó náà wá di ìrántí orílẹ̀-èdè tí a kò pè bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ mú pẹ́ńsùlù. Ìṣirò tó wà nínú owó yìí dùn. Ẹyọ 25 000 náà wọn 88,88 gíráàmù. Lára rẹ̀ ni wọ́n kọ 900 nínú 1 000 sí, ìyẹn ni pé nínú ìdá mẹ́wàá, mẹ́sàn-án jẹ́ wúrà, ọ̀kan jẹ́ irin mìíràn tó ń mú un le. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú 88,88. Ó kù 80 gíráàmù, bí a bá sún un díẹ̀. Gbogbo ayé ń fi ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní «once» díye lé wúrà, ó jẹ́ gíráàmù 31 àti díẹ̀. Ẹ pín 80 sí 31,1, ẹ ó rí 2,57. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971, 35 dọ́là ni iye tí ìjọba Amẹ́ríkà fi lé «once» kan. Ẹ sọ 2,57 di ìlọ́po 35, ẹ ó rí 90 dọ́là. Dọ́là kan nígbà náà jẹ́ nǹkan bí 277 fráǹkì. Ẹ sọ 90 di ìlọ́po 277. Ṣé ẹ rí i? 24 930. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 25 000 gan-an. Nítorí náà iye tí wọ́n kọ sára owó náà kì í ṣe àfẹnusọ. Wúrà inú rẹ̀ tó o.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1971 kan náà, ọjọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ọdún iṣu ní Savalou, ààrẹ Nixon ti Amẹ́ríkà kéde pé òun kò ní fi wúrà pààrọ̀ dọ́là fún orílẹ̀-èdè kankan mọ́. Láti ìgbà náà ni iye wúrà ti já okùn. Owó sẹ́fà tiwa náà fò ṣánlẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1994, tí wọ́n gé e sí ìlàjì. Àwọn àgbà rántí bí oògùn àti epo ṣe gbówó lórí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, «once» wúrà kan kọjá 3 000 dọ́là. Ẹ tún ìṣirò náà ṣe: 2,57 ní ìlọ́po 3 000 jẹ́ 7 710 dọ́là. Bí a bá ka dọ́là kan sí 600 fráǹkì, ó lé ní 4 600 000 fráǹkì. 25 000 ló ṣì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Wọn kò pa á rẹ́. Iye tó wà lára irú owó yìí kọ́ ni iye tí à ń rà á.

Ohun mẹ́ta ló ń pa pọ̀ di iye rẹ̀: wúrà inú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára rẹ̀, àti bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Àwọn òǹtajà ń fi ìkẹta mú ènìyàn. Òótọ́ ni pé ìṣọ̀wọ́n lágbára. Owó 20 dọ́là ti Saint-Gaudens tí wọ́n lù ní ọdún 1933, wọ́n yọ́ ẹ padà kí wọ́n tó ná an, díẹ̀ ló yọ́ jáde lábẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2021, wọ́n ta ẹyọ kan nínú rẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 19 dọ́là, bẹ́ẹ̀ wúrà inú rẹ̀ kò tó gíráàmù 31. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀, wọ́n sì lówó. Ìṣọ̀wọ́n nìkan kì í ṣe ọjà. Ọkọ́ tí bàbá àgbà mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ, ẹyọ kan ṣoṣo ni láyé. Ẹ gbé e dé ọjà Tchetti, ẹ wò bóyá ẹnikẹ́ni á fún yín ní 2 000 fráǹkì.

Orúkọ ilẹ̀ wa lára owó kò sì sọ pé owó wa ni. Ní ọdún 2010, owó akówójọ 100 fráǹkì kan jáde tí wọ́n kọ République du Bénin sí, wọ́n ya ewé igbó sára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, igbó tí ọlọ́pàá ń mú ènìyàn lé lórí! Kì í ṣe wúrà, wọ́n kàn fi fàdákà ra á lára ni. Ẹ gbé e fún ìyá alákàrà, yóò dá a padà fún yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé pélébé inú àpótí. Èdè Faransé ni wọ́n sábà ń kọ ọ́, nítorí náà ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bí ẹ ṣe rí i. «Or» ni wúrà. Bí ó bá jẹ́ wúrà, nǹkan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: 900, tàbí 999, ìyẹn iye wúrà nínú 1 000. «Poids» ni ìwọ̀n, ó sì gbọ́dọ̀ ní gíráàmù. «Tirage» ni iye ẹyọ tí wọ́n lù. Ẹ wá fi ìka sórí ọ̀rọ̀ yìí: «doré». Ó ní «or» nínú bí ẹ ti ń wò ó, àárín rẹ̀ ló wà, ẹni tó ń sáré kàwé á rò pé wúrà ni. Kì í ṣe wúrà. Ohun tí wọ́n fi wúrà kùn lára ni, bí ẹni fi ọ̀dà kun ilẹ̀kùn. «Plaqué or» náà, ìkan náà ni. Wúrà ọ̀hún lè má nípọn tó awọ àlùbọ́sà. «Copie» àti «reproduction» ni àfarawé. Ìwé tí wọ́n kọ «certificat» sí lórí kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ̀ ẹ́.

Nínú ìwé bàbá mi kékeré, «tirage: 500» wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà kò parọ́ níbẹ̀. «Doré» wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí «poids».

A gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kan. Kò ka ìwé rárá. Ó fi owó náà sí ọwọ́ kan, ó mi ọwọ́ lókè nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e padà. Ó ní, «Ó fúyẹ́.» Mo bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní wúrà gidi wúwo ju idẹ tó tó o lọ ní ìlọ́po méjì àti lé. Mo ti wá mọ iye rẹ̀ báyìí: wúrà tó gba àyè kan náà pẹ̀lú gíráàmù omi 1, yóò wọn gíráàmù 19 àti díẹ̀, idẹ kò ní ju 8 tàbí 9 lọ. Òòfà ńkọ́? Òòfà kì í fa wúrà, ṣùgbọ́n kì í fa idẹ náà, nítorí náà ẹni tó bá fi òòfà dán owó wò níwájú yín kò tíì fi nǹkan kan hàn ju pé kì í ṣe irin lásán lọ. Alágbẹ̀dẹ náà fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha etí owó náà díẹ̀, a sì rí idẹ lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kékeré kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kan páànù. Ìlà kejì ni wọ́n ń jókòó sí nínú kíláàsì wa báyìí, wọ́n sì fún mi láyè kí n sọ ìtàn yìí, wọ́n ní kí n ṣáà má pe orúkọ wọn.

Iṣẹ́ ṣíṣe.

Ẹ ka gbólóhùn yìí sókè: «Médaille en laiton doré, tirage 1 000.» Ọ̀rọ̀ wo ló sọ pé kì í ṣe wúrà? Ọ̀rọ̀ «laiton» jẹ́ tuntun; idẹ ni.

Owó Dahomey 2 500 fráǹkì wọn 8,88 gíráàmù. Bí wọ́n bá fi ẹyọ mẹ́wàá lélẹ̀, gíráàmù mélòó ni? Wúrà mélòó ló wà nínú rẹ̀, bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá bá jẹ́ wúrà?

Ẹnì kan mú ẹyọ méjì tó fẹ̀ bákan náà, tó nípọn bákan náà wá. Ọ̀kan wọn gíráàmù 35, èkejì wọn gíráàmù 16. Èwo ni ẹ ó gbé lọ fún alágbẹ̀dẹ wúrà kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí sì nìdí?

Ní ilé, ẹ wá owó irin tó pẹ́ jù lọ́wọ́ yín tàbí lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ẹ ka ọdún tó wà lára rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, ẹ sì mú owó náà wá lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀.